Ṣọlá Kátúùnù, Ògbufọ̀ Ìpotì

Ọjọ́ àṣekágbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù ni Olúṣọlá Kátúùnù tilẹ̀kùn mọ́ àádọ́rin ọkùnrin ní Ìpotì-Èkìtì, ó ní ẹnì kankan kò ní í wo bọ́ọ̀lù títí ìyá arúgbó kan ní ilẹ̀ Japáànù yóò fi gbin ìrẹsì rẹ̀ tán.

Ìyá arúgbó yìí kì í ṣe èèyàn ẹlẹ́ran-ara. Inú kátúùnù ló wà. Nínú fíìmù náà, ayé ti bàjẹ́ débi pé òun nìkan ló kù tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbin ìrẹsì, ìjọba sì tì í mọ́ yàrá onígíláàsì kó má baà kọ́ ẹlòmíràn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù kí fíìmù parí, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù kí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ṣọlá ló ni ilé ìwòran náà. Òun ló ni jẹnẹrétọ̀ tó ń fún un níná. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà.

Àdìsá tó ń lẹ táyà ní gáréèjì, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ti fi Ìpotì ṣe ilé láti ogún ọdún, ló kọ́kọ́ dìde.

"Bàbá Ìbùkún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i sí bọ́ọ̀lù! Wọ́n ti wọ pápá!"

"Jókòó!" Ṣọlá jágbe mọ́ ọn. "Bí bọ́ọ̀lù ọdún yìí bá kọjá, ti ọdún tó ń bọ̀ ń bẹ. Bí ìrẹsì bá tán láyé, kí lo máa jẹ lọ́jọ́ Kérésì?"

"Màá jẹ iyán!"

"Uṣu ti tán níbẹ̀ láti ogún ọdún!"

Wọ́n lu páànù, wọ́n pariwo, àwọn kan ń wọ́nà àtigba ojú fèrèsé jáde. Ṣọlá ò wojú ẹnì kankan. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán sí Èkìtì. Nígbà tí arúgbó náà fi hóró ìrẹsì mẹ́ta pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n, tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́pàá, ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Nígbà tí fíìmù fi máa parí, wọ́n ti gbá góòlù kan wọlé lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó rí i. Àdìsá ò tiẹ̀ béèrè ẹni tó gbá a wọlé. Ohun tó béèrè ni pé, "Bàbá Ìbùkún, ṣé ìrẹsì yẹn hù?"

Irú èèyàn tí Ṣọlá jẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ìpotì tàn yín lónìí pé gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pè é ní wèrè onítẹlifíṣàn, wọ́n sì ń wá gba iná sí fóònù wọn nínú ilé ìwòran rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ó tó di onífíìmù, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ní òfin tirẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá ní òun jí ewúrẹ́, ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé, "Ó ní òun jí ewúrẹ́." "Mo jí ewúrẹ́" ni yóò wí, ketekete, lójú gbogbo èèyàn, bí ẹni pé ẹnu tirẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ṣọlá mọ iṣẹ́ yìí dé góńgó. Bí olè bá ń gbọ̀n, ohùn tirẹ̀ náà á máa gbọ̀n. Ọjọ́ kan ni ìyá Fúnkẹ́, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, yà sí kóòtù láti wá wo ọkọ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́. Bó ṣe wọlé ló gbọ́ tí àna rẹ̀ ń jẹ́wọ́ pé òun jí ewúrẹ́ mẹ́ta, òun sì ti pa ọ̀kan jẹ. Oṣù méjì ni Fúnkẹ́ fi bẹ ìyá rẹ̀ kó tó gbà kí wọ́n ṣègbéyàwó.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́ ilé ìwòran onípáànù sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa wá wo bọ́ọ̀lù. Àgùnbánirọ̀ kan tó sìn ní Ìpotì ló bà á jẹ́, tàbí ló tún un ṣe, èwo tó bá wù yín. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ń padà sílé, ó fi àpótí dúdú kékeré kan tí wọ́n ń kó fíìmù sí ta Ṣọlá lọ́rẹ. Fíìmù mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà nínú rẹ̀, kátúùnù Japáànù sì ni gbogbo wọn. Ṣọlá fẹ́ pa wọ́n rẹ́ kó lè fi bọ́ọ̀lù sí i. Ó ní kí òun kọ́kọ́ wo ọ̀kan ná. Ó di ọjọ́ kẹta kó tó rántí pé òun ò tíì jẹun dáadáa.

Kátúùnù yẹn kì í ṣe ti ọmọdé. Ìlú tí ìjọba ti ń ka èémí tí èèyàn ń mí wà níbẹ̀. Ìlú tí àwọn olówó ń gbé lókè tó jẹ́ pé ìdọ̀tí wọn ni òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó máa ń bí Ṣọlá nínú jù ni fíìmù ìyá arúgbó onírẹsì yẹn, òun náà ló sì fẹ́ràn jù. Bó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ilẹ̀kùn gíláàsì mọ́ ọn, á dá fíìmù dúró, á jáde síta, á rìn yí ilé ìwòran ká lẹ́ẹ̀mejì, á mí kanlẹ̀, kó tó padà wọlé.

Òfin ògbufọ̀ kóòtù náà ló gbé wọ inú fíìmù. Bí ìkà inú fíìmù bá ń sọ̀rọ̀, Ṣọlá á là á mọ́lẹ̀ pé, "Èmi ni mo ti omi ùlú pa! Ẹ ṣèyí tó wù ín!" Ó sọ èyí lọ́jọ́ kan báyìí, inú bí Àdìsá, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó sì sọ ọ́ lù ú láyà. Ṣọlá gbá bàtà náà mú, ó fi há abíyá, ó sì ń túmọ̀ lọ títí fíìmù fi parí. Lẹ́yìn náà ló wá nà án sí Àdìsá. "Bàtà rẹ rè é," ó ní. "Wọ́n ti pa adájọ́ ìlú náà. Ẹjọ́ ti parí."

Òun náà a sì máa bá àwọn tó ṣe fíìmù jà. Bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan bá dá nìkan dìde láti bá ìjọba jà, Ṣọlá á tẹ fíìmù dúró.

"Ta ni ùyá ọmọ yìí? Ará ulé ùyá rẹ̀ dà? Ṣé kò ní àbúrò bàbá ni?"

"Bàbá Ìbùkún, fíìmù ni," ni Àdìsá á wí.

"Fíìmù kọ́! Ẹ wò ó dáadáa." Á dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí èèyàn méjì ti pàdé lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n kọjá lára wọn láìsọ̀rọ̀. "Ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó kí ara wọn. Ẹ ò tíì rí ẹ̀rọ, ẹ ò tíì rí ọlọ́pàá. Ibí yìí gan-an ni ùlú yẹn ti bàjẹ́."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀dọ́kùnrin kan ní gáréèjì tó jẹ́ kọjá níwájú Ṣọlá láìdọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé á ní àwọn ló fẹ́ ba ayé jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ṣì fi ń bá a jà títí ó fi kú, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ sì ni. Martha, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ló wá bá a pé kó yá òun ní kátúùnù kan tí àwọn ọmọ yóò wò lọ́jọ́ ìkórè.

"Martha, èyí kì í ṣe tọmọdé."

"Kátúùnù tí kì í ṣe tọmọdé? Ṣé ó ti ṣègbéyàwó ni?"

Ṣọlá ò gbà. Martha náà ò gbà. Ó ṣọ́ ọjọ́ tí Ṣọlá lọ síbi ìsìnkú kan ní Ìdó-Ilé, ó lọ bá Fúnkẹ́, ó sì gba fíìmù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọdé ló ni kátúùnù? Gbogbo ìjọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fíìmù tó mú ni ti ìlú kan tí akọ̀wé ìjọba máa ń jókòó sídìí tábìlì tí yóò máa pe orúkọ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pè á dìde, á rìn lọ síwájú, á sì pòórá títí láé. Ìyá rẹ̀ pàápàá kò ní í rántí pé òun bí i.

Àwọn ọmọ wo fíìmù náà wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ń jẹ ṣinṣín. Wàhálà ò bẹ̀rẹ̀ títí fíìmù fi parí, tí akọ̀wé ìkórè jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ níwájú pẹpẹ, tó gbé gíláàsì sójú, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òbí lórúkọ kí wọ́n wá fi ọrẹ wọn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Orúkọ Baba Ọláìtán, olórí àdúgbò Òkè-Ìrókò, ló kọ́kọ́ pè. Àwọn ọmọ-ọmọ baba náà mẹ́fà figbe ta, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. "Bàbá, ẹ má lọ! Bàbá, ẹ má dáhùn!" Akọ̀wé pe ẹlòmíràn. Igbe tún sọ láti orí àga ẹ̀yìn. Ìgbà tí yóò fi pe ẹni karùn-ún, àwọn àgbàlagbà fúnra wọn ò fẹ́ dìde mọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìjọ náà sílẹ̀, ìkórè kan ò gbẹ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún méjì gbáko ni Martha ò fi bá Ṣọlá sọ̀rọ̀. Òun ló jí fíìmù gbé o, òun náà ló tún ń bínú.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ wá dórí èyí tí kì í jẹ́ kí inú ẹni tó ń sọ ìtàn yìí rọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wá láti Àbújá. Wọ́n ní òkúta kan wà lábẹ́ oko kòkó Òkè-Ìrókò, tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù àti ti mọ́tò. Wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ náà. Ẹni tó ṣaájú wọn ni Ọlámijí, ọmọ bíbí àdúgbò kan náà, tó wọ kóòtù àti táì nínú ooru. Ó mú ìwé olójú ewé mẹ́tàlélógún wá, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Ó ní kí àwọn àgbà tẹ àtàǹpàkò sí i.

Oko yẹn ni gbogbo ohun tí àdúgbò náà ní. Òun ni wọ́n fi kọ́ ọmọ níṣẹ́ àti níwèé, ibẹ̀ sì ni wọ́n sin òkú wọn sí. Síbẹ̀, wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn àdúgbò láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ń mu ohun mímu tútù tí ilé-iṣẹ́ gbé wá. Baba Ọláìtán ti ki àtàǹpàkò bọ inú taàdà. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe Ṣọlá. Ó kàn dé ni, ó wọ dàńṣíkí funfun, ojú rẹ̀ pọ́n kuku.

"Ta ló túmọ̀ ùwé yìí fún ín?" ó bi wọ́n.

"Bàbá, mo ti ṣàlàyé fún wọn," ni Ọlámijí fèsì.

"Mi ò bèèrè àlàyé. Mo ní ta ló túmọ̀ rẹ̀?"

Ó já ìwé náà gbà. Ó dúró gan-an bó ṣe máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, ó gbé ohùn sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Èkìtì.

"Èmi ilé-iṣẹ́, mo gba gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ulẹ̀ yìí fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ohun tó bá ju ìka mẹ́ta lọ sísàlẹ̀, tèmi ni."

Baba Ọláìtán gbé orí sókè. "Ìka mẹ́ta? Ibo ni gbòǹgbò kòkó mi máa wà?"

"Kòkó rẹ ò kàn mí," ni Ṣọlá ń kà lọ. "Iye tó bá wù mí ni mo máa san lórí igi tí mo bá gé. Bí odò bá gbẹ, tàbí tó bàjẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ pè mí lẹ́jọ́."

"Ṣọlá! Èmi lo ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi kì í ṣe Ṣọlá. Èmi ni ilé-iṣẹ́. Mo lè hú ibojì yòówù tó bá wà lórí ulẹ̀ náà, mo lè kó o lọ síbi tó wù mí, bí mo bá ti fi ọjọ́ méje kìlọ̀ fún ẹni tó ni òkú."

Martha fò dìde. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n sin ín. "Ọjọ́ méje? Ọkọ tèmi? Ìwọ yìí ló máa hú ọkọ mi?" Ó ti gbá Ṣọlá lọ́rùn ẹ̀wù mú. Baba Ọláìtán, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ṣí fìlà, ó ń fi na ògbufọ̀ lórí. "Olè! Ọ̀dájú! O ò ní hú baba mi!" Gbogbo ilé ṣùrù bo Ṣọlá, kò sì yéé kà. Ọlámijí àti àwọn tó bá a wá bọ́ sínú mọ́tò, wọ́n sá lọ. Àmì àtàǹpàkò kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ rí gbà lọ́jọ́ yẹn, àyà dàńṣíkí funfun Ṣọlá ló wà, níbi tí Baba Ọláìtán ti dì í mú.

Ẹ ó rò pé wọ́n wá gbé e gẹ̀gẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àdúgbò tó wà lódìkejì odò tẹ ìwé tiwọn láìpe Ṣọlá. Lónìí, ihò pupa ló wà níbi tí oko wọn wà, omi odò wọn ò ṣeé fọ aṣọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mímu. Síbẹ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ gba ọ̀dọ́ mẹ́wàá sí iṣẹ́ gbígbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ìrókò ní Ṣọlá ló ti ilẹ̀kùn oríire mọ́ àwọn. Wọ́n ju òkúta sórí páànù rẹ̀. Wọn ò wá wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀ mọ́. Ọdún kan ààbọ̀ ni ọkùnrin náà fi ń túmọ̀ fíìmù fún Àdìsá àti àwọn àga òfìfo. Kò dín ohùn rẹ̀ kù rárá. Bẹ́ẹ̀ ni Àdìsá ò yéé bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn wo ti arúgbó onírẹsì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìdí rédíò ló kú sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, lóṣù Ẹrẹ́nà. Ó ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn jiyàn. Fúnkẹ́ sọ fún un láti ilé ìdáná pé, "Bàbá Ìbùkún, ẹ rọra o." Ó rọra lóòótọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Fúnkẹ́ fi sáré jáde.

Ìgbà a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Níbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn tó sọ òkúta lu páànù rẹ̀ ló ń pariwo jù pé igi dá. Ilé-iṣẹ́ náà fi màlúù kan ránṣẹ́. Fúnkẹ́, tó jẹ́ pé kì í gbé ohùn sókè, jáde sí i, ó wò ó látòkè délẹ̀. "Ùwé tó bá màlúù yìí wá dà?" ó bi awakọ̀. Awakọ̀ ní kò sí ìwé. "Bí kò bá sí ùwé tí a lè kà, ẹ wọ́ ọ padà."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ọlámijí padà wá. Ẹni tó ń dí wọn lọ́wọ́ ti kú. Ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà, ó sì ní ìwé tuntun lòun mú wá, olójú ewé mọ́kànlá péré. Wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà. Fúnkẹ́ wà níbẹ̀. Àdìsá tó wá to àga dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà ń wo ara wọn.

Martha ló dìde. "Kà á."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Mi ò fẹ́ àlàyé. Kà á bí Ṣọlá ṣe ń kà á. Sọ pé 'èmi'."

Ọlámijí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ṣí ìwé. "Ilé-iṣẹ́ náà yóò ní ẹ̀tọ́ láti..."

"Èmi!" ni gbogbo ilé pariwo.

"Ó dáa. Èmi. Èmi ilé-iṣẹ́, mo gba ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀..." Ó ń kà á lọ, òógùn sì bo ojú rẹ̀. Ó ka ti kòkó. Ó ka ti odò. Nígbà tó dé ojú ewé kẹsàn-án, ó dúró. Beatrice ìyá rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ yẹn. Lábẹ́ igi kòkó tó fúnra rẹ̀ gbìn ni wọ́n sin ín sí, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn náà.

"Èmi..." Ọlámijí wí. "Èmi yóò hú..."

Kò lè sọ ọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ibì kan náà ló sì ń dúró sí. Níkẹyìn, ó pa ìwé náà dé, ó fi í há abíyá, ó sì jáde láìdágbére. Àwọn obìnrin tún ìró wọn ró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan taàdà.

Baba Ọláìtán ló mi orí.

"Ká ní Ṣọlá ni," ó ní, "ì bá ti kà á tán."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa wọ́n. Fúnkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi gèlè bojú. Àdìsá wá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì títí àwọn èèyàn fi lọ tán.